Nọ́ńbà Tí Ṣẹ̀fíátù Fi Téépù Yẹ̀ Wò

Kí n tó sọ ohun tí Ṣẹ̀fíátù ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé èmi gan-an ló ṣe é sí, inú mi sì ń dùn títí di òní pé ó ṣe é. Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń tètè gbà pé òun jẹ̀bi. Ìyàwó mi lè jẹ́rìí.

Ṣẹ̀fíátù, aya Kàsúmù, ló ń rán yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé láàárín ìgboro Ọ̀wọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: máṣíìnì méjì, tábìlì tó fi ń gé aṣọ, àti òkìtì aṣọ aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ búlúù àti pupa. Kàsúmù ọkọ rẹ̀, wẹ́dà ni. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ ló ti ń jó irin, tó ń ṣe géètì àti irin ojú fèrèsé. Èmi Láníyì, òdìkejì títì ni ilé mi wà. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, mo sì fi ìloro ilé mi ṣe ibi tí mo ti ń ka ìwé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Lẹ́tà báńkì, ìwé kóòtù, ìwé tí dókítà kọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó wá. N kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iyì ni mo ń gbà, mo sì ń gbà á dáadáa.

Ṣẹ̀fíátù kò ka ìwé kọjá pírámárì méjì. Ó mọ nọ́ńbà, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀ láti bí ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó kọ̀ jálẹ̀, kò ra awò ojú, ó ní awò ojú máa ń sọ obìnrin di ìyá àgbà láìtọ́jọ́. Ohun tó wá ń ṣe ni pé bí ọmọ bá wá wọn aṣọ, á yí téépù mọ́ ọmọ náà láyà, á ní, "Kà á fún mi, ọkọ mi." Ọmọ náà á kà á, Ṣẹ̀fíátù á kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n rẹ̀. Bí ọmọ bá ṣì í kà, ọwọ́ Ṣẹ̀fíátù á ti mọ̀, nítorí ó ti lé lógún ọdún tó ti ń gbá àyà ọmọ ọlọ́mọ mú. Á kàn rẹ́rìn-ín, á sì tún un wọ̀n fúnra rẹ̀.

Ọmọ méjì tó bí ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Jamaldeen ni ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Rùqáyyàh ni àbúrò, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Kíláàsì kan náà ni wọ́n jọ wà, pírámárì mẹ́fà, nítorí pé Jamal ti tún kíláàsì kà rí. Ọmọ dáadáa ni Jamal o, ọmọ tó ń kí èèyàn, tó ń bá ìyá rẹ̀ gbé máṣíìnì. Ìwé nìkan ni òun àti ẹ̀ kì í sọ̀rọ̀.

Nínú oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú wa kan tó wà lókè òkun gbé ìdánwò wá fún àwọn ọmọ pírámárì mẹ́fà ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rán ọmọ mẹ́wàá lọ sí ilé-ìwé sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀, fún ọdún mẹ́fà gbáko, láìgba owó lọ́wọ́ òbí. Ìwé ìdánwò kan náà ni wọ́n fún gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà, láti Uso títí dé Ìdógùn àti Òkèlúsè. Ọmọ tó jókòó ṣe é lé ní ẹgbẹ̀ta. Òfin kan wà níbẹ̀: ilé kan, ọmọ kan. Bí òbí bá ní ọmọ méjì tó ṣe ìdánwò, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò gba fọ́ọ̀mù fún.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, èsì dé. Ọjọ́ tí ilé-ìwé gba ìsinmi gan-an ni wọ́n pín in. Àwọn tíṣà ti di ẹrù, oníkálukú ń wá ọkọ̀, kò sí ẹni tó dúró ṣàlàyé. Ìwé pélébé kan ni, Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀: orúkọ ọmọ, orúkọ ilé-ìwé, gbólóhùn gígùn kan, lẹ́yìn náà àpótí kékeré kan nísàlẹ̀ tí nọ́ńbà kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Kò sí máàkì ìṣirò, kò sí máàkì Gẹ̀ẹ́sì.

Ta ni wọ́n kó o wá fún? Èmi náà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí ilé-ìwé nílẹ̀ wa, ẹ mọ ohun tó máa ń wà nísàlẹ̀ káàdì ọmọ. Ipò ni. Láti ìgbà tí bàbá mi ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà tòun ti pàṣán, títí di ìgbà tí èmi náà dúró de àwọn ọmọ mi, n kò rí òbí tó ń ka òkè káàdì kó tó ka ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ipò kìíní, a pa adìyẹ. Bó bá jẹ́ ìkẹta, a rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ ọgbọ̀n, a wá ẹgba. Nítorí náà n kò tilẹ̀ ka gbólóhùn gígùn tó wà lókè àpótí náà. Mo sún awò ojú mi sókè, mo húkọ́ bí adájọ́, mo sì mú ti Jamal.

"Jamaldeen Kàsúmù," mo ní, "ipò kejìlá!"

Kàsúmù ti awò dúdú tó fi ń jó irin sí iwájú orí. "Kejìlá nínú mélòó, ẹ̀gbọ́n?"

"Nínú gbogbo wọn! Nínú ẹgbẹ̀ta ọmọ ó lé! Wọn ò pín in sí kíláàsì-kíláàsì. Gbogbo Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ni wọ́n dà pọ̀."

Haà! Ariwo tí Kàsúmù pa lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń ta táyà ní ìsàlẹ̀ títì sáré wá, wọ́n rò pé iná ti mú un. Ó gbé Jamal sí èjìká, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ti fẹ́ ga tó bàbá rẹ̀, ó ń bá a jó kiri iwájú ṣọ́ọ̀bù, irin ń bọ́ lulẹ̀. "Ọmọ wẹ́dà! Ipò kejìlá! Aláhù Àkíbárù!" Ṣẹ̀fíátù fi aṣọ tó ń rán sílẹ̀, ó bọ́ síta, ó ń jó, òwú funfun so kọ́ ìdí ìró rẹ̀. Èmi náà jó. N kò ní purọ́, mo jó bí ẹni pé èmi ni mo ṣe ìdánwò náà.

Ìgbà tí ara rọlẹ̀ díẹ̀ ni a tó rántí Rùqáyyàh. Ó dúró ti òpó ìloro mi, ó na ìwé tirẹ̀ sí mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo wo ìsàlẹ̀. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún.

"Ipò kẹrìnléláàádọ́rùn-ún," mo sọ fún bàbá rẹ̀, mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Kò burú ṣá. Ọmọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀."

Kàsúmù fi ọwọ́ pa ọmọ náà lórí, ó ní kó máa sapá. Rùqáyyàh gba ìwé rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó wọlé lọ. Mo ti ń ka ìwé fún ẹlòmíràn.

Gbogbo àdúgbò ló gbé ìwé ọmọ wọn wá lọ́jọ́ náà, mo sì ń pín ipò bí ẹni ń pín àkàrà. Boniface tó ń ṣe káfíńtà gbé ti Jonah ọmọ rẹ̀ dé. Mẹ́ta ló wà nínú àpótí rẹ̀. "Ipò kẹta!" mo kígbe. Boniface ju fìlà sókè, kò sì mú un nígbà tó ń bọ̀. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó gbé iṣu mẹ́fà lọ fi dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Abigail, ọmọbìnrin ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni tirẹ̀. Ọmọ náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Mo ní kó má sunkún, pé orí ò dọ́gba.

Kàsúmù pa àkùkọ ńlá kan. Ní ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo mọ́sálásí gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ ṣe ipò kejìlá. Ní ọjọ́ Ajé, èmi fúnra mi fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ Jamaldeen sí fọ́ọ̀mù, pẹ̀lú bíírò tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, Kàsúmù sì gbé e lọ fún àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù.

Ohun tó kù ni ti Rùqáyyàh. Kàsúmù ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Lábísí, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkèlúsè. Ó ti pẹ́ tí obìnrin náà ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ọmọbìnrin kan tí yóò máa bá òun gbé. Títí di ìgbà náà, Kàsúmù ń sọ pé ìwé Rùqáyyàh ni òun ń wò. Wàyí o, ó ti wo ìwé náà. "Ẹni tí Ọlọ́run bá fún lórí ìwé ni kí á ràn lọ́wọ́," ó ní. "Kí Rùqáyyàh lọ kọ́ ọjà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Bí ilé-ìwé bá bọ́ sí i níbẹ̀, a ó rí i." Wọ́n dá ọjọ́ Sátidé. Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni Kàsúmù. Nọ́ńbà ló tẹ̀ lé, èmi ni mo sì fún un ní nọ́ńbà.

Ṣẹ̀fíátù ò bá ọkọ rẹ̀ jiyàn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń rìn ín lára. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí òun bá ti jókòó nídìí máṣíìnì, téépù tó wà lọ́rùn òun ni òun ń rò. Jamal ò tíì ka téépù yẹn lẹ́ẹ̀kan rí kó má ṣì í. Á ka méjìlélọ́gbọ̀n sí mẹ́tàlélógún, á sì tún máa bá ọ jà lórí rẹ̀. Rùqáyyàh ńkọ́? Rùqáyyàh kì í kà á nìkan. Á wọn ọmọ mẹ́ta, á wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọ̀pá aṣọ mẹ́rin àbọ̀ ni yóò tó, kò sì ní ṣẹ́ kù ju èyí tí wọ́n lè fi rán àpò lọ. Báwo ni ẹni tó ń ṣi téépù kà ṣe fi ìgbà méje gba iwájú ẹni tí kì í ṣì í?

Ohun tó wá ṣe nìyí. Àkókò tí àwọn òbí ń mú ọmọ wá wọn yunifọ́ọ̀mù tuntun ni. Bí ọmọ kan bá wọlé, tí Ṣẹ̀fíátù bá ti wọn àyà, tó wọn ìdí, tó wọn gígùn ẹsẹ̀, á ní, "Nọ́ńbà mélòó lo mú nínú ìdánwò yẹn, ọkọ mi?" Ọmọ á sọ. Ṣẹ̀fíátù á kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ á sì mọ̀ bóyá ọmọ náà ka téépù dáadáa tàbí ó ṣì í, á fa ìlà sábẹ́ ẹni tó kà á dáadáa. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ mọ́kànlélógójì ló wọ inú ìwé náà.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló sọdá títì wá bá mi. Mo ń mu ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé ìwé ìwọ̀n rẹ̀ lé orókún mi.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà yìí kì í ṣe ipò."

Kò sọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́ yìí o. Èdè Ọ̀wọ̀ pọ́ńbélé ló fi sọ ọ́, bí mo bá sì kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀yin ará Ìbàdàn ò ní gbọ́ ju ìdajì lọ.

Inú bí mi. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọwọ́ mi ni, Bàbá. Ẹ wò ó. Àwọn tí mo fa ìlà sábẹ́ wọn yìí, àwọn ló mọ téépù kà. Ẹ wo nọ́ńbà wọn. Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Mẹ́rìnléláàádọ́rin. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, Abigail nìyẹn. Ẹ wá wo àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà. Mẹ́jọ. Mẹ́rìndínlógún. Mẹ́ta, ọmọ Boniface nìyẹn, tó ń di téépù mú lódìlódì. Àti Jamal mi."

"Ṣẹ̀fíátù," mo ní, "ọdún márùndínlógójì ni mo fi ka ìwé ìjọba."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ kò ní mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í kà. Ṣùgbọ́n ẹ wo eléyìí náà. Ọmọ mẹ́ta nínú ìwé mi ló ní mẹ́jọ. Ṣé èèyàn mẹ́ta ló jókòó lórí ipò kan? Mo sì ti bi gbogbo wọn léèrè bóyá wọ́n gbọ́ nípa ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. Kò sí. Ẹ sọ pé ọmọ ẹgbẹ̀ta ló ṣe é. Àwọn tó wà ní ipò igba, àwọn tó wà ní ọ̀ọ́dúnrún, níbo ni wọ́n wà? Ṣé Òkèlúsè ni gbogbo wọn ń gbé?"

Àgbà tó bá ṣubú ní láti wẹ̀yìn wò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn wò lórí àga tí mo jókòó sí.

"Èmi rò pé bíi téépù ni," Ṣẹ̀fíátù ní. "Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń gòkè. Ẹni tó bá ga ni nọ́ńbà rẹ̀ ń ga."

Mo ní kó mú ìwé Rùqáyyàh wá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo ka gbólóhùn gígùn tó wà lókè àpótí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí n kò bá pàdé rí ní gbogbo ọdún tí mo lò lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó kù yé mi tó láti mú kí òógùn bò mí. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ tí ọmọ yìí gba iwájú wọn. Mo wo aago. Aago mọ́kànlá kọjá. Wọ́n ti kéde rẹ̀ lórí rédíò pé agogo kan ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọn yóò ti gbígba fọ́ọ̀mù pa, àti pé Uso ni ẹni tó ń gbà á wà.

"Kàsúmù!" Mo kígbe, ẹ̀kọ dà sí mi lára. "Kàsúmù, fi irin yẹn sílẹ̀!"

Ọkọ̀ mi dàgbà ju ọmọ méjèèjì lápapọ̀ lọ. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó húkọ́, ó dákẹ́. Kàsúmù àti Jamal tì í láti ẹ̀yìn, àwọn oní-táyà bá wọn tì í, Ṣẹ̀fíátù ń ké pe Rùqáyyàh kó bọ́ síta, ọmọ náà jáde tòun ti bàtà ẹsẹ̀ kan. Kàsúmù ò tíì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ dáhùn, tí gbogbo wa já wọlé, tí a kọjá ìgboro tán, ni mo tó sọ fún un. Mo wo iwájú bí mo ṣe ń sọ ọ́, n kò lè wo ojú rẹ̀.

"Ó ṣeé ṣe kí n ti ṣì í kà."

"Èwo?"

"Gbogbo rẹ̀."

Awò dúdú yẹn ṣì wà ní iwájú orí Kàsúmù. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀." Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo kọjá ọkọ̀ elépo, mo kọjá ọ̀kadà, mo bọ́ sínú kòtò méjì tí mo mọ̀ dáadáa pé wọ́n wà níbẹ̀. Inú mi ń bàjẹ́, inú mi ń dùn, n kò mọ èwo ló pọ̀ jù.

Ìyáàfin Fúnmiọlá ni orúkọ ẹni tó ń gba fọ́ọ̀mù. Ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pé ọgbọ̀n, ó jókòó sínú kíláàsì òfìfo kan ní Uso, òkìtì ìwé méjì wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan ga, ọ̀kan kéré. Ó ti ń palẹ̀ mọ́. Mo gbé ìwé Rùqáyyàh síwájú rẹ̀, mo ní, "Mọ́dáàmù, ẹ dákun, ẹ sọ ìtumọ̀ nọ́ńbà yìí fún wa bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀."

Ó wò ó, ojú rẹ̀ là. "Ẹ kú oríire! Ẹ sọ pé a kó ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ṣe ìdánwò yìí jọ. Ọmọ yìí gba iwájú mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún nínú wọn. Èèyàn díẹ̀ ló ṣe tó bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí a ò rí fọ́ọ̀mù rẹ̀?"

Kàsúmù ló bi í pẹ̀lú ohùn kékeré pé, "Méjìlá ńkọ́?"

"Ó gba iwájú méjìlá." Ó wo òkìtì tó ga, ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ. "Jamaldeen Kàsúmù. Ẹ̀yin lẹ ni í? Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo rí i, sà. Ọgọ́rin ni a ti ń gbà á. Àwọn tó wà nínú òkìtì yìí, a kò ní pè wọ́n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ó sì ti pọ̀ jù, n kò mọ ohun tó ṣe àwọn òbí lọ́dún yìí. Wọ́n ń mú ọmọ tó ní mẹ́ta, tó ní márùn-ún wá, tayọ̀tayọ̀."

Mo mọ ohun tó ṣe wọ́n. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ Uso lanu.

Nígbà náà ni Jamal sọ̀rọ̀. "Mo mọ̀," ó ní.

Gbogbo wa yíjú sí i.

"Mo mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìbéèrè yẹn ò yé mi. Mo kàn ń kun inú àwọn òbìrípo ìdáhùn yẹn ni, èyí tó bá wù mí." Omi ń bọ̀ lójú rẹ̀. "Mo fẹ́ sọ ọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbé adìyẹ kaná."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Ṣẹ̀fíátù, ẹ̀rín tó ń gbọ̀n ọ́n látòkè délẹ̀. Ó fa ọmọkùnrin náà mọ́ra. "Adìyẹ náà dùn," ó ní. "Ìwọ lo ni í. Kò sí ẹni tó máa gbà á lẹ́nu rẹ." Ó wá mú un lágbọ̀n, ó ní, "Ṣùgbọ́n láti ọ̀la, ìwọ ni o máa máa ka téépù fún mi, láràárọ̀. A ó jọ kà á títí yóò fi yé ọ. Ṣé o gbọ́?" Jamal mi orí. Kàsúmù náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò pẹ́ tí ẹ̀rín rẹ̀ fi di ariwo, ó ń lu tábìlì, "Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún! Ọmọ mi gba iwájú mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún!" Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ijó kan náà tó jó níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìyáàfin Fúnmiọlá di òkìtì ìwé rẹ̀ mú kó má baà wó.

Agogo kan ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Mo yíjú sí Ìyáàfin Fúnmiọlá, mo bọ́ fìlà. "Mọ́dáàmù," mo ní, "èmi ni mo ka èsì fún gbogbo àdúgbò wa. Èmi ni mo ṣì í kà. Àwọn ọmọ míì wà tó ní nọ́ńbà ńlá tí òbí wọn ò gba fọ́ọ̀mù nítorí mi. Ẹ bá mi fún wọn láyè di ọ̀la." Kò tíì sí ẹni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mi rí. Ó gbé fóònù, ó bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ní wọ́n fún wọn di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Mo pe bàbá Abigail lójú ẹsẹ̀. Ariwo tó gba inú fóònù náà jáde, àwọn ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ níta dìde.

Ìyáàfin Fúnmiọlá fagi lé fọ́ọ̀mù Jamal nítorí òfin ilé kan, ọmọ kan, ó fa fọ́ọ̀mù tuntun kan yọ, ó tì í sí àárín tábìlì. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo ti na ọwọ́ sí i, mo ti fa bíírò yọ. Ìgbà náà ni mo rí ojú Rùqáyyàh.

Ó dúró sẹ́yìn ìyá rẹ̀ láti ìgbà tí a ti wọlé, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, kò jó, kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Rùqáyyàh, ṣé inú rẹ ò dùn ni?"

"Ó dùn, Bàbá."

"Kí ló dé tí o ò sọ nǹkan kan láti ọjọ́ yẹn? Jamal mọ̀ pé òun ò ṣe dáadáa. Ìwọ, ṣé o ò mọ̀ pé o ṣe dáadáa ni?"

Ó wo ilẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kò dá mi lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ kà á, mo ní bóyá èmi ni mo rò pé mo gbọ́n. Mo ti kó àwọn ìwé mi fún Zulaihat ọmọ ilé kejì. Mo sọ fún un pé n kò ní lò wọ́n mọ́."

Ẹ̀rín Kàsúmù dúró. Ṣẹ̀fíátù fi ọwọ́ bo ẹnu. Ní tèmi, ohun tó gún mi láyà lọ́jọ́ náà, kò tíì sí abẹ́rẹ́ tó tó o. Mo ti rò pé fọ́ọ̀mù nìkan ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ yìí.

Kàsúmù ló kọ́kọ́ mira. Wẹ́dà tí kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ irin, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ọmọbìnrin rẹ̀ títí ojú wọn fi dọ́gba. "Bàbá rẹ jẹ̀bi," ó ní. "Òkèlúsè ti parí. A ó gba ìwé rẹ padà lọ́wọ́ Zulaihat lónìí yìí."

Mo gbé fọ́ọ̀mù náà sún mọ́ ara mi, mo ní, "Ó yá, sọ ọjọ́ ìbí rẹ fún mi kí n kọ ọ́."

Rùqáyyàh na ọwọ́ méjèèjì sí mi, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ẹ ṣeun, Bàbá," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n kà á fúnra mi."

Mo gbé bíírò lé e lọ́wọ́. Ó jókòó, ó ka ìlà àkọ́kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó wá kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i.